Gọ́ọ̀fù ní Bend, Oregon: àwa mẹ́jọ la ń bọ̀, ẹ bá wa tò ó

Àkàndé_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rẹ́ wa kan máa pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, a sì ti fẹnu kò pé a ò ní gba gbọ̀ngàn, a ò ní pe olórin. Orí pápá gọ́ọ̀fù la ti máa ṣe é. Àwa mẹ́jọ ni: márùn-ún láti Texas níbí, mẹ́ta láti Èkó. Ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ ló mú ibẹ̀: Bend, láàárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Oregon, lẹ́bàá àwọn òkè Cascade. Ó rí fọ́tò pápá kan tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láàárín òkúta dúdú, tí òkè oníyìnyín dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, ló bá ní òun ò fẹ́ ibòmíràn mọ́.

Èmi ni wọ́n gbé ètò lé lórí. Mo ti ka orúkọ pápá títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì: Tetherow, Pronghorn, Crosswater, Brasada, Black Butte, Juniper. Ọjọ́ márùn-ún la ní. Àwọn kan nínú wa fẹ́ máa gbá a lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Háńdíkáàpù wa (bó bá ṣe kéré tó ni èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó) bẹ̀rẹ̀ láti 9 títí dé 30. Oṣù kẹfà ló dáa ni, àbí oṣù kẹsàn-án? Ibo ni ká sùn? Èwo nínú àwọn pápá yìí la lè fi sílẹ̀ láì kábàámọ̀?

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Dallas

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò lọ sí Scottsdale, ní Arizona? Bàálù kan péré ni láti Houston, pápá sì kún ibẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣálẹ̀ àti òkè lẹ ń wá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_PDX

Ọmọ Ọ̀wọ̀, aṣálẹ̀ ju aṣálẹ̀ lọ o. Ilẹ̀ Scottsdale kò ga. Lóṣù kẹfà, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40°C, kí oòrùn tó gòkè ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń sá kúrò lórí pápá. Bend fi nǹkan bíi mítà 1,100 ga ju òkun lọ, Sunriver tó wà ní gúúsù rẹ̀ tún ga jù ú. Àwọn òkè Cascade ló ń dí òjò tó ń ti Òkun Pàsífíìkì bọ̀ lọ́nà. Ní ìwọ̀ oòrùn òkè níbi tí mo ń gbé, ní Portland, igbó dí, ilẹ̀ kì í gbẹ. Bí o bá ti sọdá sí ìlà oòrùn, igi junípà, sagebrush àti òkúta tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sílẹ̀ lo máa rí. Gbogbo òjò àti yìnyín tó ń rọ̀ sí Bend lọ́dún kò ju nǹkan bí ínǹṣì méjìlá lọ. Bí òjò bá lé yín kúrò lórí pápá, ẹ jẹ́ mọ̀ pé ẹ ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni.

Bọ̀dá Àkàndé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òtútù, torí òun ni àwọn ará Houston kì í gbà gbọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í di ooru mú. Lóṣù keje, ọ̀sán lè gbóná tó 28°C. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti já wálẹ̀ sí 8°C. Lóṣù kẹfà, ìrì dídì ṣì lè bo koríko Sunriver láàárọ̀, bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ pápá títí yóò fi yọ́, torí ẹsẹ̀ ń pa koríko tó bá dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba aago méje á kàn jókòó ti kọfí ni. Ẹ gba aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ní ìparí oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, kò sí ohun tó ń lé yín.

Ní ti oṣù, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èéfín. Láti oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹsàn-án ni iná igbó máa ń jà jù. Ní 2017, iná Milli jó lẹ́bàá ìlú Sisters ní oṣù kẹjọ, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn rọ́ dé láti wá wo bí òṣùpá ṣe máa bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ní 2020, oṣù kẹsàn-án ni èéfín bo Bend débi pé inú ilé ni gbogbo èèyàn wà. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹfà ni kí ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kó wọ ọ̀sẹ̀ July 4, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, owó ilé á fò sókè.

Òkè_Mílè_Denver

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Àǹtí, èmi kò fara mọ́ oṣù kẹfà. Lẹ́yìn àárín oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọdé ti padà sílé ìwé, èrò ti dín kù, owó ti wálẹ̀, koríko sì ti rí omi mu látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe ọdọọdún ni èéfín ń dé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Èkó, mo gbà pé ẹ ò lè máa fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá bọ́ọ̀lù dúró. Níbi tí ilẹ̀ ga tó ti Bend, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí i; ní Denver níbí, ó tó mẹ́fà. Igi gọ́ọ̀fù tí à ń pè ní irin 7, tó ń gbé yín lọ sí yáàdì 150 ní Houston á gbé yín dé 156. Ẹ máa rò pé yáàdì mẹ́fà kéré, àfìgbà tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀lù yín tó bọ́ sẹ́yìn gríìnì (ibi koríko rírẹ́ tí ihò wà), sínú òkúta. Síbẹ̀, òtútù àárọ̀ máa ń gba èrè yẹn padà: afẹ́fẹ́ tútù wúwo, bọ́ọ̀lù tó tutù náà kì í ta dáadáa. Igi tẹ́ ẹ bá lò ní ihò kẹta láàárọ̀ lè máà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa lò fún irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ní ihò kẹrìnlá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ka iye góòlù… ẹ forí jì mí, iye ìgbá ni mo fẹ́ kọ. Ẹ fi ọjọ́ yẹn kọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ.

Bàbá_Gọ́ọ̀fù_Ìkòyí

Àkàndé, o ti gbé ọ̀rọ̀ wa wá sí ìta gbangba. Ó dáa, èmi náà dé. Ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó ń ti Èkó bọ̀ ni mí, èmi sì ni mo ní ká máa gbá a lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo fẹ́ fi odidi òru àti ọ̀sán wọ bàálù, mo tún fẹ́ san dọ́là, ẹ wá ní kí n máa mu kọfí di aago mọ́kànlá?

Ti afẹ́fẹ́ òkè tẹ́ ẹ ń sọ yìí, mo ti gbá a ní pápá Rayfield, ní Jos. Jos náà ga ju mítà 1,100 lọ, a gbá a, a ò kú. Ṣùgbọ́n ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni gríìnì ibẹ̀ ṣe rí? Inú pápá tí wọ́n fi iyanrìn àti òróró ṣe ibi tí ihò wà la ti kọ́ eré yìí, àwọn tí à ń pè ní brown. Koríko tó bá ń sáré jù máa ń yọ mí lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ẹni ọgọ́ta ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, òógùn yín á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn rántí mu omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú kí èèyàn tọ̀, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ kó oògùn sínú àpò tó máa wà lọ́wọ́ yín, kó má lọ wà nínú èyí tó máa gba abẹ́ bàálù. Ẹ ra ìpara oòrùn àti ìpara ètè. Ẹ má wí fún mi pé awọ dúdú kì í jó.

Àkàndé_Houston

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ránṣẹ́ sínú WhatsApp wa. Wọ́n ti ń pè mí ní matron.

Oṣù kẹfà la mú. Ọ̀gá Ìkòyí, ẹ má bínú, a óò wá nǹkan ṣe sí ti ẹ̀ẹ̀mejì. Àǹtí PDX, ó ku pápá àti ibùsùn.

Ìyá_Ìbejì_PDX

Crosswater ni ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Bob Cupp ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1995. Odò Deschutes àti Little Deschutes ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù fo omi lemọ́lemọ́. Láti 2007 dé 2010, ibẹ̀ ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ti ń du ife Tradition. Fred Funk gbà á níbẹ̀ ní 2008 àti 2010. Ihò 12 gùn tó yáàdì 687 tí èèyàn bá dúró sẹ́yìn pátápátá. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má torí ọjọ́ ìbí lọ dúró síbẹ̀. Tíì iwájú (ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ihò jù) ni kí ẹni tí háńdíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 30 ti máa gbá, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ojú odò náà ṣì máa rí yín.

Àlejò tó bá sùn sí Sunriver Resort ni wọ́n ń gbà sí Crosswater, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ gba ilé ní Sunriver. Ẹ ṣọ́ra o: ilé ìgbafẹ́ pọ̀ ní Sunriver tí kì í ṣe ti resort náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń yá a jáde. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, bóyá ilé yẹn ń fún yín láyè dé Crosswater tàbí kò fún yín. Gba ilé tó ní kíṣíìnì gidi. Ẹ̀fọn ibẹ̀ lóṣù kẹfà kò dákẹ́ rárá, torí odò àti ilẹ̀ àbàtà. Àwọn ará Èkó á rò pé ó bá wọn wọ bàálù ni.

Tetherow: David McLay Kidd ló ṣe é, ọmọ Scotland tó ṣe Bandon Dunes létí òkun wa níbí. 2008 ni wọ́n ṣí i. Koríko fescue ni, ilẹ̀ rẹ̀ le, bọ́ọ̀lù kì í dúró níbi tó bá bọ́ sí, ṣe ló ń yí lọ. Gríìnì rẹ̀ rí gegele-gegele. Ihò 17 wà nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Bàbá Ìkòyí, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù yí nílẹ̀ lórí pápá gbígbẹ ní Nàìjíríà á gbádùn rẹ̀ ju ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sókè ní Houston lọ. Ẹ yí i láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má gbé e sókè.

Pronghorn: orúkọ tẹ́ ẹ ń wá yẹn ti yí padà, Juniper Preserve ló ń jẹ́ báyìí. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Juniper tó wà ní Redmond o! Ìyẹn jẹ́ pápá ìlú, ó wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn tó kù gan-an, ó sì dùn ún gbá. Ní Juniper Preserve, pápá méjì ló wà, èyí tí Jack Nicklaus yà àti èyí tí Tom Fazio yà. Ihò 8 ti Fazio ni ẹnu gbogbo èèyàn ń ròyìn: àfonífojì òkúta dúdú ló là á láàárín, ihò àpáta tí iná inú ilẹ̀ gbà kọjá láyé àtijọ́ sì ń wò yín láti ìsàlẹ̀. Ẹ pè wọ́n láti mọ èyí tí àlejò lè gbá lọ́sẹ̀ yẹn.

Black Butte Ranch, lẹ́yìn Sisters, pápá Big Meadow. Ó rọrùn, igi ponderosa ló yí i ká, ibẹ̀ lẹ ti máa ya fọ́tò tí ọlọ́jọ́ ìbí ń wá.

Brasada ni mo máa yọ. Kò sí ohun tó ṣe é, òkè rẹ̀ kàn pọ̀, ó sì jìnnà sí Sunriver.

Òkè_Mílè_Denver

Tetherow kọ́! Owó tó ju dọ́là 200 lọ, kí bọ́ọ̀lù tó dára máa yí kúrò lórí gríìnì bí ẹni tí olówó ń lé? Kí àwọn oní-30 lọ gbá Juniper ti Redmond lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi ìyókù owó jẹun.

Ìyá_Ìbejì_PDX

Denver, ẹni tí Tetherow bá nà ló ń bú u. 😄 Àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó gbóná lọ sí Tetherow, àwọn mẹ́rin tó kù lọ sí Juniper ti Redmond lọ́jọ́ kan náà. Kò pọn dandan kí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa rìn pọ̀ bí ọmọ ijó.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Dallas

Ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi. Ọkùnrin dúdú mẹ́jọ nínú ìlú kékeré ní Oregon, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe síni? Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ìpínlẹ̀ yẹn.

Ìyá_Ìbejì_PDX

O ò gbọ́ irọ́. Nígbà tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ Oregon ní 1857, wọ́n fi sínú rẹ̀ pé kí èèyàn dúdú má wá gbé ibẹ̀. 1926 ni wọ́n tó yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí fi kéré títí dòní, a sì kéré jù ní Bend. Ojú á máa bá yín rìn ní ilé oúnjẹ, n kò ní purọ́ fún yín. Lórí pápá, ohun tí mo sábà máa ń rí ni ìkíni àti "níbo lẹ ti wá?", lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bọ́ọ̀lù tó sọnù. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ẹ kàn má fi òru wakọ̀ lọ́nà tẹ́ ẹ kò mọ̀, àgbọ̀nrín ni mò ń sọ o, wọ́n máa ń já lu títì ní ìrọ̀lẹ́.

Ìdòwú_Peckham

Mi ò kì í gbá gọ́ọ̀fù, ọkọ mi ló ń gbá a. Àwọn ìyàwó ńkọ́? Àbí ẹ kò ní mú wọn dání?

Àkàndé_Houston

Ìyàwó ọlọ́jọ́ ìbí àti tèmi ti ní àwọn ń bọ̀, wọn ò tiẹ̀ bi wá.

Ìyá_Ìbejì_PDX

Inú wọn á dùn ju tiyín lọ. Láti Sunriver, Lava Butte kò jìnnà, orí rẹ̀ lèèyàn ti ń rí àwọn òkè Three Sisters àti ibi tí iná ti yọ́ òkúta ṣàn. Ihò àpáta Lava River Cave wà nítòsí rẹ̀. Inú ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí 6°C lọ láàárín ọ̀sán gangan lóṣù keje, kí wọ́n mú ẹ̀wù òtútù. High Desert Museum wà lójú ọ̀nà Bend. Smith Rock wà lókè lọ́hùn-ún lẹ́yìn Redmond. Tí wọ́n bá fẹ́ wakọ̀ bíi wákàtí méjì sí gúúsù, Crater Lake ni: òkè Mazama ló wó sínú ara rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, omi wá kún ojú rẹ̀. Jíjìn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,943, kò sí adágún tó jìn tó o ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà, yìnyín ṣì lè dí apá kan ọ̀nà tó yí i ká, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lọ.

Òkè_Mílè_Denver

Ẹ ò sì sọ ti ewúrẹ́! Silvies Valley Ranch, lọ́hùn-ún ní ìlà oòrùn Oregon. Wọ́n ní pápá kékeré oníhò méje tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń gbé igi gọ́ọ̀fù fún èèyàn. Òtítọ́ ni o. Pápá ńlá wọn tún wà tí wọ́n ń gbá láti apá kan lónìí, láti apá kejì lọ́la, Craddock àti Hankins.

Bàbá_Gọ́ọ̀fù_Ìkòyí

Ewúrẹ́? Ewúrẹ́ tó bá gbé àpò mi la ihò méje já, ojú wo ni mo máa fi jẹ àsun lálẹ́ ọjọ́ náà? Àkàndé, kọ ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_PDX

Ó máa tó wákàtí mẹ́ta láti Bend, Bàbá, ẹ̀yìn ayé ni. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sùn síbẹ̀. Nínú ọjọ́ márùn-ún, kò wọ̀ ọ́.

Àkàndé_Houston

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó.

Ọjọ́ kìíní, a máa balẹ̀ sí pápákọ̀ Redmond (àwọn ará Houston máa yí bàálù padà ní Denver), a ò ní gbá nǹkankan, a máa ra oúnjẹ, a máa lọ sùn ní Sunriver. Ọjọ́ kejì, Meadows tàbí Woodlands, pápá méjèèjì wà nínú Sunriver, láti fi kọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ; lálẹ́, kí ẹni tó bá ṣì lágbára gbá Caldera Links, oníhò mẹ́sàn-án kúkúrú, kí Ọ̀gá Ìkòyí lè rí ẹ̀ẹ̀mejì wọn. Ọjọ́ kẹta, Crosswater, ọjọ́ ìbí gan-an. Ọjọ́ kẹrin, a pín sí méjì, Tetherow àti Juniper ti Redmond. Ọjọ́ karùn-ún, Black Butte, ká tibẹ̀ lọ pápákọ̀. Juniper Preserve ló dùn mí tí n kò rí ibi tí mo máa fi sí.

Ọkọ̀ ńkọ́? Mo ti rí ọkọ̀ oníjókòó méjìlá kan.

Ìyá_Ìbejì_PDX

Èèyàn mẹ́wàá, àpò gọ́ọ̀fù mẹ́jọ, àpótí aṣọ mẹ́wàá: ọkọ̀ yẹn á gba èèyàn, kò ní gba ẹrù. Ẹ gba méjì, ó tún máa wúlò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pín sí méjì, tí àwọn ìyàwó náà á sì fẹ́ jáde. Fún Black Butte lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń padà, ẹ gba aago mẹ́sàn-án dípò mọ́kànlá tí bàálù yín bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì gbàdúrà kí ìrì má dì.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, ẹ fi aṣọ wé orí igi ńlá yín kẹ́ ẹ tó tì í sínú àpò. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan bóyá àpò gọ́ọ̀fù wà lára ẹrù tí owó yín gbà. Bàálù inú Amẹ́ríkà àti ti òkè òkun kì í ní òfin kan náà.

Bàbá_Gọ́ọ̀fù_Ìkòyí

Mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, Tetherow ni mò ń lọ. Kí Denver wá wò bí wọ́n ṣe ń yí bọ́ọ̀lù.

Òkè_Mílè_Denver

Bàbá, ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ọn. Mo máa fi ọkọ̀ òfuurufú wá fúnra mi, kí a fi ogún dọ́là ta á.

Àkàndé_Houston

Ìyẹn á sọ wá di mẹ́sàn-án, a ò sì lè pín mẹ́sàn-án sí mẹ́rin-mẹ́rin. Denver, ẹ wá mú ẹnì kan tàbí méjì dání, kí n tó pe àwọn Tetherow ní Ọjọ́ Ajé.